G. H. Hardy: Onímọ̀ Ìṣirò Tí Ó Fi Àìwúlò Yangàn

Godfrey Harold Hardy, tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé mọ̀ sí G. H. Hardy, wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ìṣirò padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀ka tí ó yàn láàyò ni ìṣirò pọ́ńbélé, ìyẹn ìṣirò tí a ń ṣe nítorí òtítọ́ àti ẹwà tí ó wà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe nítorí afárá tí a fẹ́ kọ́, ẹ̀rọ tí a fẹ́ tò tàbí owó tí a fẹ́ kà. Ní ọdún 1940, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ òun tí ó ran ìgbé ayé ẹ̀dá lọ́wọ́ tàbí tí ó pa á lára, bí ó sì ṣe sọ ọ́ fi hàn pé ó ń fi í yangàn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìgbésí ayé rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí i pé ẹjọ́ tí ó dá fún ara rẹ̀ yìí kò tọ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kan ti di òpó nínú ìmọ̀ bí àbùdá òbí ṣe ń bọ́ sára ọmọ, irú àwọn nọ́ńbà tí ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ni wọ́n wà lára ohun tí ń ṣọ́ owó àti ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1877 ni a bí Hardy ní Cranleigh, ní agbègbè Surrey ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Isaac, bàbá rẹ̀, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà tí ó sì ń bójú tó owó ní ilé ẹ̀kọ́ Cranleigh, nígbà tí Sophia, ìyá rẹ̀, ti fi ìgbà kan jẹ́ olùkọ́ àgbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Lincoln. Tọkọtaya náà fẹ́ràn ìṣirò, ṣùgbọ́n kò sí owó tí wọ́n lè fi lọ sí yunifásítì ní ìgbà tiwọn, nítorí náà wọ́n gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ Hardy àti ti Gertrude, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà kò tíì ju ọdún méjì lọ tí ó ti ń kọ nọ́ńbà dé orí mílíọ̀nù, bí wọ́n bá sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà orin tí ìjọ fẹ́ kọ ni ó máa ń tú palẹ̀, tí yóò máa wá àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí a lè sọ di púpọ̀ láti rí i, bí ẹni tí ó rí orin 91 tí ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé 7 lọ́nà 13 ni.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ Winchester, ilé ẹ̀kọ́ olókìkí tí ìgbésí ayé inú rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá, ibẹ̀ ni ó sì ti kọjá sí Trinity College ní Yunifásítì Cambridge ní ọdún 1896. Ní Cambridge ìgbà náà, ìdánwò ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní Tripos, èyí tí ó le kókó, tí wọ́n sì máa ń to àwọn tí ó yege lẹ́sẹẹsẹ láti orí ẹni kìíní lọ sísàlẹ̀, tí orúkọ ẹni tí ó bá gba ipò kìíní yóò sì kàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn olùkọ́ àdáni ni ó ń múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún un, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ wọn jù ni bí a ṣe ń tètè tú ìbéèrè, kì í ṣe ìdí tí ìdáhùn fi rí bẹ́ẹ̀. Ipò kẹrin ni Hardy gbà ní ọdún 1898, èyí sì dùn ún púpọ̀, àmọ́ ohun tí ó dùn ún jù ni pé ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí ni ó borí òun. Ó wà lára àwọn tí ó jà títí tí wọ́n fi fòpin sí títo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1909.

Ohun tí a ń pè ní ẹ̀rí

Ní àkókò yìí, ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rẹ̀yìn sí ti Faransé àti Jámánì, nítorí pé láti ayé Isaac Newton ni àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rọ̀ mọ́ ọ̀nà tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ka ìṣirò sí irinṣẹ́ fún físíìsì ju ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró lọ. A. E. H. Love, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ Hardy, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ka ìwé ńlá tí Camille Jordan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ, Hardy sì sọ lẹ́yìn náà pé inú ìwé yìí ni òun ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ìṣirò jẹ́ gan-an. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ ni pé onímọ̀ ìṣirò kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ nítorí pé ó jọ òótọ́, tàbí nítorí pé a dán an wò nígbà ẹgbẹ̀rún tí ó sì rí bẹ́ẹ̀, àfi kí a fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, kí ẹ̀rí náà sì so kọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ibi tí ó ti já.

Àpẹẹrẹ kan tí Hardy fẹ́ràn yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò sí nọ́ńbà mìíràn tí ó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn, irú bíi 2, 3, 5, 7, 11 àti 13, àwọn ni a ó sì máa pè ní nọ́ńbà aláìpín nínú àròkọ yìí. Ìbéèrè tí ó dìde ni pé ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n parí sí? Euclid, ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ tí ó kọ̀wé ní èdè Gíríìkì, dáhùn rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ká ní ẹnì kan sọ pé 2, 3 àti 5 nìkan ni nọ́ńbà aláìpín tí ó wà láyé. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí 30, ẹ fi 1 kún un, ó di 31. Bí a bá fi 2 pín 31, yóò ṣẹ́ ku 1. Bí a bá fi 3 tàbí 5 pín in, yóò tún ṣẹ́ ku 1. Nítorí náà nọ́ńbà aláìpín kan níláti wà tí kò sí nínú ohun tí ẹni náà kà sílẹ̀. Bí ó ti wù kí ẹni náà tún kà á gùn tó, ọ̀nà kan náà ni a ó fi dá a lóhùn, ìdí nìyí tí àwọn nọ́ńbà aláìpín kò fi lópin. Ìlà díẹ̀ ni ẹ̀rí náà, síbẹ̀ ó ti yanjú ọ̀rọ̀ náà títí láé, irú ẹwà báyìí ni Hardy sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ìṣirò gidi ní.

Wọ́n fi í jẹ ọmọ ẹgbẹ́ àgbà ní Trinity College ní ọdún 1900, nígbà tí ó sì di ọdún 1908 ó tẹ ìwé A Course of Pure Mathematics jáde, ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ìlànà ẹ̀rí tí kò ní ihò yìí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tí àwọn ènìyàn sì ń kà títí di òní.

Hardy àti Littlewood

Ní ọdún 1911 ni Hardy bẹ̀rẹ̀ sí í bá John Edensor Littlewood ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ Trinity, tí Hardy sì fi ọdún mẹ́jọ jù lọ́jọ́ orí. Àjọṣe náà gba ọdún márùndínlógójì, àpilẹ̀kọ tí wọ́n jọ fọwọ́ sí sì sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Kí ó má baà di pé ọ̀kan ń di èkejì lọ́wọ́, wọ́n fi ìlànà mẹ́rin lélẹ̀. Èkíní ni pé bí ọ̀kan bá kọ̀wé sí èkejì, kò kan ẹnikẹ́ni bóyá ohun tí ó kọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Èkejì ni pé kò pọndandan kí ẹni tí ó gba lẹ́tà dáhùn rẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ kà á. Ẹ̀kẹta ni pé ó sàn kí àwọn méjèèjì má ṣe máa ronú lórí kókó kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹrin sì ni pé orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò wà lórí iṣẹ́, kódà bí ọ̀kan nínú wọn kò bá fi ìlà kan ṣoṣo kún un. Àwọn tí wọ́n jọ gbé ayé ní ìgbà náà kò rántí àjọṣe mìíràn nínú ìmọ̀ ìṣirò tí ó tọ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì so èso tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan lára ohun tí ó gbà wọ́n lọ́kàn ni bí àwọn nọ́ńbà aláìpín ṣe tò. Mẹ́rin ni wọ́n láti 1 dé 10, wọ́n jẹ́ 25 láti 1 dé 100, wọ́n sì jẹ́ 168 láti 1 dé 1,000, èyí tí ó fi hàn pé bí a ṣe ń lọ ni wọ́n ń wọ́n sí i, bí wọn kò tilẹ̀ tán. Ní ọdún 1859, Bernhard Riemann, ọmọ Jámánì, dábàá pé a lè mọ bí wọ́n ṣe ń wọ́n sí i yìí dájúdájú bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé àwọn ojú pàtàkì tí ìlànà ìṣirò kan ti ń di òdo wà lórí ìlà tààrà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1914 Hardy fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé àwọn ojú tí ó wà lórí ìlà náà kò lópin. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tí ó rí èyí fi hàn títí di òní, ṣùgbọ́n Hardy ni ó kọ́kọ́ la ojú ọ̀nà náà.

Lẹ́tà láti Madras

Ní oṣù Kìíní ọdún 1913, lẹ́tà kan dé ọwọ́ Hardy láti Íńdíà, ẹni tí ó sì kọ ọ́ ni Srinivasa Ramanujan, akọ̀wé ní èbúté Madras, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ju £20 lọ́dún, tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì kankan. Inú lẹ́tà náà kún fún òfin ìṣirò tí kò ní ẹ̀rí: òmíràn nínú wọn jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀, òmíràn ṣàjèjì pátápátá. Hardy pe Littlewood ní alẹ́, àwọn méjèèjì jókòó ti ìwé náà fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n sì tó dìde, wọ́n ti gbà pé ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ìdí tí Hardy fún èyí ni pé àwọn òfin náà níláti jẹ́ òótọ́, nítorí pé bí wọ́n bá jẹ́ irọ́, kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí ó tó láti hùmọ̀ wọn.

Ramanujan dé Cambridge ní oṣù Kẹrin ọdún 1914. Ó ní ojú inú tí Hardy kò ní, Hardy sì ní ìmọ̀ ẹ̀rí tí òun kò kọ́ rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wọn tí ó gbajúmọ̀ jù dá lórí iye ọ̀nà tí a lè gbà fi àwọn nọ́ńbà kéékèèké ṣírò pọ̀ kí ó di nọ́ńbà kan. A lè gba ọ̀nà márùn-ún rí 4: 4 fúnra rẹ̀, 3 pẹ̀lú 1, 2 pẹ̀lú 2, 2 pẹ̀lú 1 àti 1, àti 1 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀nà 42 ni a lè gbà rí 10, ṣùgbọ́n ti 100 ti di 190,569,292. Ní ọdún 1918 Hardy àti Ramanujan tẹ ìlànà kan jáde tí ń ṣírò iye yìí láìjẹ́ pé a ń tò ó níkọ̀ọ̀kan. Percy MacMahon, tí ó mọ ìṣirò ọwọ́ dunjú, ṣe ti 200 fún wọn, ó sì rí 3,972,999,029,388, ìlànà tuntun náà sì bọ́ sórí iye yìí gan-an, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹyọ kan.

Royal Society, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba Ramanujan wọlé ní ọdún 1918, Trinity náà sì gbà á ní ọdún kan náà, ṣùgbọ́n àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó padà sí Íńdíà ní ọdún 1919, ó sì kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1920 ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí Hardy fi máàkì díwọ̀n ẹ̀bùn àbínibí àwọn onímọ̀ ìṣirò, ó fún ara rẹ̀ ní 25, ó fún Littlewood ní 30, ó fún David Hilbert, àgbà onímọ̀ Jámánì, ní 80, ó sì fún Ramanujan ní 100.

Òfin tí ó kàn wá ní ilẹ̀ Yorùbá

Iṣẹ́ Hardy tí ó kan ará ilẹ̀ Yorùbá jù lọ ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. R. C. Punnett, onímọ̀ nípa àbùdá tí wọ́n jọ máa ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì, gbé ìṣòro kan tọ̀ ọ́ wá ní ọdún 1908. Fún àbùdá kọ̀ọ̀kan, ọmọ a máa gba jíìnì kan, ìyẹn ohun tí ń gbé àbùdá náà, lọ́wọ́ bàbá àti òmíràn lọ́wọ́ ìyá, jíìnì kan sì lè borí èkejì tí yóò fi jẹ́ pé tirẹ̀ nìkan ni yóò hàn lára. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé jíìnì tí ń borí yìí kò ní máa tàn kálẹ̀ láti ìran dé ìran ni? Hardy fi ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè tẹ̀ lé dáhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀: bí àwọn ènìyàn bá pọ̀, tí wọn kò fi jíìnì náà yan ẹni tí wọn yóò fẹ́, tí jíìnì náà kò sì pa ẹnikẹ́ni lára tàbí kí ó gbè é, ìpín tí ó wà ní ìran kan ni yóò máa wà ní ìran tí ó tẹ̀ lé e. Ó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kúkúrú sí ìwé ìròyìn Science ní Amẹ́ríkà. Wilhelm Weinberg, oníṣègùn kan ní Stuttgart ní Jámánì, ti rí òfin yìí kan náà ní ọdún yẹn láìgbọ́ nípa Hardy, ìdí nìyí tí a fi ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó lára àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Ká ní nínú jíìnì 10 ní ìlú kan, 9 jẹ́ A, èyí tí kò ní àrùn náà nínú, 1 sì jẹ́ S, èyí tí ń fa àrùn náà bí ọmọ bá gbà á lọ́wọ́ òbí méjèèjì. Òfin Hardy sọ pé nínú ènìyàn 100, 81 yóò jẹ́ AA, 18 yóò jẹ́ AS, ẹnì 1 yóò sì jẹ́ SS. Bí a bá ka jíìnì S tí ó wà lára wọn, AS 18 ní 18, SS kan ní 2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 nínú jíìnì 200, èyí tí ó tún jẹ́ 1 nínú 10 bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni ìran tí ń bọ̀ yóò ṣe rí. Ní Nàìjíríà, níbi tí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ AS, ìṣirò yìí kan náà ni ó fi hàn pé ọmọ bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni a ó máa bí pẹ̀lú SS.

Ìwúlò òfin náà tún wà níbi tí ohun tí ó sọ kò bá ṣẹ. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ọmọ SS ti máa ń kú ní kékeré láyé àtijọ́, ó yẹ kí jíìnì S ti máa dín kù títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ṣùgbọ́n kò pòórá. Ìdí èyí, tí Anthony Allison fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà tí ó sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1954, ni pé ibà kì í tètè pa ọmọ tí ó jẹ́ AS bí ó ti ń pa ẹlòmíràn, nítorí náà ibi tí ẹ̀fọn ibà pọ̀ sí ni S pọ̀ sí.

Ìwà rẹ̀ àti ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Hardy kórìíra ogun. Nígbà tí Trinity gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bertrand Russell, olùkọ́ níbẹ̀, ní ọdún 1916 nítorí pé ó tako Ogun Àgbáyé Kìíní, Hardy dúró tì í, ìbínú ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tí ó mú un kúrò ní Cambridge lọ sí Oxford gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1919. Ibẹ̀ ni ó ti tọ́ Mary Cartwright sọ́nà, ẹni tí ó di ọ̀kan lára àwọn obìnrin tí ó lókìkí jù nínú ìmọ̀ ìṣirò, kí ó tó padà sí Cambridge ní ọdún 1931. Nígbà tí ìjọba Hitler ń lé àwọn onímọ̀ tí wọ́n jẹ́ Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó wà lára àwọn tí wọ́n bá wọn wá ibi ìsádi. Kì í fẹ́ kí a ya fọ́tò òun, kì í sì í fẹ́ rí dígí, débi pé bí ó bá wọ òtẹ́ẹ̀lì, táwẹ́ẹ̀lì ni yóò fi bo dígí inú yàrá. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ ó máa ń ṣe bí ẹni tí ń bá A ta ayò: bí ó bá ń lọ wo kírikẹ́ẹ̀tì, yóò kó súwẹ́tà àti iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe dání bí ẹni tí ń retí òjò, kí Ọlọ́run lè fi oòrùn já a kulẹ̀.

Lẹ́yìn tí àìsàn ọkàn kọlù ú ní ọdún 1939 tí agbára àtiṣe ìṣirò tuntun sì ń fi í sílẹ̀, ó kọ A Mathematician's Apology, ìwé kékeré tí ó jáde ní ọdún 1940, níbi tí ó ti sọ pé ẹwà ni a kọ́kọ́ fi ń dá ìṣirò mọ̀, àti pé kò sí ẹni tí ó tíì rí ìmọ̀ nípa nọ́ńbà lò fún ogun. Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1947, ọjọ́ tí ó yẹ kí Royal Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley, èyí tí ó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà, ni ó kú.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1977, Ronald Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman ní Amẹ́ríkà hùmọ̀ ọ̀nà tí a lè gbà fi nọ́ńbà aláìpín ti ọ̀rọ̀ pa. Ó rọrùn láti sọ 61 àti 53 di púpọ̀ kí a rí 3,233, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní 3,233 nìkan yóò ṣe wàhálà kí ó tó mọ àwọn méjì tí ó bí i. Bí a bá sì lo nọ́ńbà tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún díjíìtì, kọ̀ǹpútà ayé òde òní kò lè tú u láàárín ìgbà tí yóò wúlò fún olè. Ọ̀nà yìí wà lára ohun tí ń dáàbò bo owó tí à ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ológun náà sì ń ti ọ̀rọ̀ wọn pa pẹ̀lú irú ìmọ̀ yìí.

Hardy ṣe àṣìṣe nípa ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò já sí, ṣùgbọ́n kò ṣe àṣìṣe nípa ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣe é. Láti ayé Euclid dé ayé Hardy, kì í ṣe báńkì ni àwọn tí ń wádìí nọ́ńbà aláìpín ń wá, bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá wádìí rẹ̀, kò sí ohun tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn ìbá mú lò. Kí àwọn òbí, yunifásítì àti ìjọba tí ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò pé kí ni yóò fi í ṣe jẹun rántí èyí, kí wọ́n sì fún un ní àyè àti ìwé tí ó nílò.